Dáìsì àti Ìjà Ojúkojú

Ní ìrọ̀lẹ́ ní ìlú Ìjàn-Èkìtì, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Adó àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá mìíràn, àwọn ọ̀dọ́ a máa pé jọ yí ọpọ́n lúdò ká. Ẹni tí ó kàn yóò kó dáìsì méjì sínú ife, yóò mì í jìgìjìgì, yóò pariwo pé ẹ̀fà ni òun ń fẹ́, kí ó tó dà á sílẹ̀. Bí ó bá ti dà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta tí kò rí ẹ̀fà, yóò fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀fà kò lè ṣàìwá nígbà kẹrin. Òmíràn a tilẹ̀ fi owó lé e. Ṣùgbọ́n dáìsì kò ní ọkàn tí yóò fi rántí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Nínú ọ̀nà 36 tí dáìsì méjì lè gbà ṣubú, 11 péré ni ẹ̀fà ti ń yọjú. 25 yòókù kò ní i. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nígbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò rí nígbà kẹrin. Owó tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́ nítorí àìmọ èyí kò kéré.

Eré mìíràn wà tí ó fi ìṣirò yìí hàn ju lúdò lọ, èyíinì ni eré ogun orí tábìlì. Nínú lúdò, ẹni tí ó bá dé bá ọ̀tá rẹ̀ ni ó pa á. Ẹni tí a dé bá kò lè gbé ọwọ́ sókè. Nínú eré ogun, àwọn méjèèjì ni yóò jà. Reisswitz, ọmọ ogun ilẹ̀ Prussia tí ó di apá kan Jámánì lẹ́yìn náà, tẹ òfin irú eré bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 1824 fún ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gágun, dáìsì ni ó sì fi ń ṣírò àdánù ogun. H. G. Wells, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì, kò fẹ́ dáìsì nínú tirẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1913: bí ẹgbẹ́ méjì tí ó dọ́gba bá pàdé, kí wọ́n pa ara wọn tán, ọ̀rọ̀ parí. Òfin Wells rọrùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í já ènìyàn láyà, nítorí òpin ìjà ti hàn kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2001, ilé iṣẹ́ Games Workshop ní Ìlú Ọba gbé eré kan jáde lórí ìtàn The Lord of the Rings, nínú èyí tí ère kékeré kọ̀ọ̀kan dúró fún jagunjagun kan ṣoṣo, kì í ṣe fún odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Bí ère àwọn ọ̀tá méjì bá fara kan ara wọn, ìjà ojúkojú dé nìyẹn. Olúkúlùkù yóò da dáìsì tirẹ̀. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó borí, ẹni kejì yóò sì fà sẹ́yìn ní ìwọ̀n ínǹsì kan. Ibí ni ẹsẹ̀ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré náà ti máa ń yọ̀, nítorí yóò rò pé ẹni tí ó borí ti pa ọ̀tá rẹ̀. Kò tíì pa á. Yóò tún da dáìsì lẹ́ẹ̀kejì kí a tó mọ̀ bóyá idà rẹ̀ wọlé, a ó sì fi agbára rẹ̀ wé ẹ̀wù ogun ẹni tí ó ń ṣá. Ènìyàn lè borí ẹni tí ó gbé ẹ̀wù irin wọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ara onítọ̀hún má tilẹ̀ bó.

Bí ẹnìkan bá dojú kọ ẹnìkan, nínú ọ̀nà 36, 15 jẹ́ ti ẹni àkọ́kọ́, 15 jẹ́ ti ẹni kejì, 6 yòókù sì jẹ́ ọ̀mì. Ẹni tí ó mọ ìjà jù ni òfin fi ọ̀mì fún, nítorí náà tirẹ̀ di 21, ti ẹni kejì sì wà ní 15. Àǹfààní ńlá ni èyí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀gá yìí dá nìkan pàdé ọmọ iṣẹ́ méjì. Àwọn méjèèjì yóò da dáìsì kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì mú èyí tí ó pọ̀ jù. Ọ̀nà ti di 216 nísinsìnyí: 125 jẹ́ ti àwọn ọmọ iṣẹ́, 55 jẹ́ ti ọ̀gá, 36 sì jẹ́ ọ̀mì. Bí a tilẹ̀ kó gbogbo ọ̀mì fún ọ̀gá, 91 ni yóò ní. Ẹni tí kò ṣe ìṣirò yìí ni í rán jagunjagun rẹ̀ tí ó dára jù lọ ní òun nìkan, tí ó sì ń sọ lẹ́yìn náà pé orí òun ni kò gbe òun.

Àwọn ará Èkìtì kò nílò dáìsì kí wọ́n tó mọ èyí. Ìdí tí àwọn ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi para pọ̀ di Èkìtìparapọ̀, tí wọ́n sì kojú Ìbàdàn nínú ogun Kírìjì títí di àdéhùn ọdún 1886, kò jìnnà sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbọn ni ó dún jù níbẹ̀, kì í ṣe idà.

Ó ku ibi tí a ó gbé ẹnìkejì sí. Bí ẹni tí a borí kò bá rí ọ̀nà fà sẹ́yìn, ìlọ́po méjì dáìsì ni àwọn tí ó borí yóò dà láti ṣá a. Nítorí èyí, ọlọ́gbọ́n òṣèré kì í tò àwọn méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Iwájú ọ̀tá ni ó ń gbé ọ̀kan sí, a sì rán èkejì yípo lọ sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ife dáìsì.