Ẹ Má Gé E

Ní ọdún 1985, fíìmù kàtúùnù kan dé Amẹ́ríkà, Warriors of the Wind ni wọ́n pè é. Ní Jàpáànì, níbi tí Hayao Miyazaki ti gbé e jáde ní ọdún tó ṣáájú, orúkọ ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí ló ń jẹ́: Nausicaä. Àwọn New World Pictures tó rà á gé ohun tó lé ní ogún ìṣẹ́jú dànù nínú rẹ̀. Wọ́n sọ Nausicaä di Zandra. Wọ́n tún ya àwọn ọkùnrin alágbára sára páálí rẹ̀, àwọn ọkùnrin tí ẹnikẹ́ni kò fojú kàn nínú fíìmù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èrò wọn kò ṣòro mọ̀. Ta ni ọmọ òyìnbó tí yóò jókòó ti ìtàn igbó tó ń ṣàìsàn àti kòkòrò tó tóbi ju ilé lọ, bí wọn ò bá sọ ọ́ di ìjà?

Àwa ni ọmọ náà, àwa àti àwọn tí a jọ dàgbà. Àwa tí a ṣe ọmọdé ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín 1990 sí 2003, tí màmá wa ń ṣiṣẹ́ òru, tí Yorùbá wa sì jẹ́ èyí tí a ń fi kí ìyá àgbà lórí tẹlifóònù. Pẹ̀lú wa ni ọmọ Jàmáíkà tó wà ní ilé ìsàlẹ̀, ọmọ Bangladesh tó wà lókè, àti ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé tó ń wá jẹ ìrẹsì wa ní gbogbo ọjọ́ Sátidé.

Akira ló kọ́kọ́ bá wa. Katsuhiro Otomo gbé e jáde ní 1988, ó dé sinimá ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1991, lẹ́yìn náà ó di kásẹ́ẹ̀tì fídíò tí àwọn ẹ̀gbọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lójú tiwa, kàtúùnù ni ohun tí wọ́n ń gbé sórí tẹlifíṣọ̀n láàárọ̀ Sátidé kí òbí lè rí oorun sùn. Èyí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwòrán tó lé ní 160,000 ni wọ́n fọwọ́ kùn kí wákàtí méjì yẹn tó pé, ojú sì rí i: iná ẹ̀yìn alùpùpù ń fà gbọọrọ nínú òkùnkùn Neo-Tokyo, ògiri ń wó ní ẹyọ ẹyọ búlọ́ọ̀kù. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ìparí rẹ̀ kò yé ẹnikẹ́ni nínú wa. A dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀, a tún un wò. Kò tíì sí ẹni tó fi ohun tí kò yé wa síwájú wa rí láì kọ́kọ́ bẹ̀ wá. Màmá á yọjú bó ṣe ń wọ ẹ̀wù iṣẹ́: "Kí lẹ̀ ń wò yìí? Ṣé kàtúùnù náà ti ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni?" Kí a tó rí èsì fọ̀, ó ti jáde.

Àwọn tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rò pé ẹ̀jẹ̀ yẹn gan-an ni a fẹ́. Nígbà tí wọ́n bá ń fi ohùn Gẹ̀ẹ́sì sí fíìmù, wọ́n á da èébú tí kò sí nínú ti Jàpáànì sí i, kí wọ́n lè fi í sí ìpele àwọn tó dàgbà, kí ó sì máa yá wa lára láti jí i wò. Ti Amẹ́ríkà gé e, ti Lọ́ńdọ̀nù bu kún un. Ìwọ̀sí kan náà ni méjèèjì.

Ohun tó mú wa gan-an kò sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Nínú My Neighbour Totoro ti Miyazaki, ọmọbìnrin méjì, Satsuki àti Mei, bá bàbá wọn kó lọ sí ìgbèríko nítorí pé ìyá wọn wà ní ilé ìwòsàn. Kò sí ọ̀tá níbẹ̀. Òjò ń rọ̀, ilẹ̀ ti ṣú, wọ́n dúró ní ibùdókọ̀ de bàbá tí kò tíì dé. Oorun gbé àbúrò, ẹ̀gbọ́n pọ̀n ọ́n. (Ẹ bá mi wá fíìmù Disney kan tí ọmọ ti pọn àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn!) Ẹranko onírun ńlá kan wá dúró tì wọ́n, òun náà ń retí ọkọ̀ tirẹ̀. Satsuki yá a ní agboorùn bàbá, inú ẹranko náà sì ń dùn sí bí omi ṣe ń kán sórí rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ gé fíìmù yẹn kúrú, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí sí. Ẹ bi ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa ní ohun tó rántí nínú Totoro, ibùdókọ̀ yẹn ni yóò sọ. Àwa tí a máa ń dúró lójú fèrèsé de ẹni tó ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀ kò nílò àlàyé.

Totoro àti Grave of the Fireflies ti Isao Takahata jọ jáde lọ́jọ́ kan náà ni, ní oṣù kẹrin ọdún 1988, wọ́n sì ń fi wọ́n hàn tẹ̀lé ara wọn fún àwọn òǹwòran kan náà. Mo ṣì ń bínú sí ẹni tó ronú irú ètò bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Grave ni ọmọkùnrin náà, Seita, ti kú ní ibùdókọ̀ ojú irin, ní ọdún 1945. O ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, síbẹ̀ wàá máa retí pé kí ó yí padà. Fíìmù ogun pọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Inú ọkọ̀ òfuurufú ni a máa ń wà nínú gbogbo wọn. Èyí ló kọ́kọ́ gbé wa sí ìsàlẹ̀, níbi tí bọ́ǹbù náà ń bọ̀ sí, pẹ̀lú ọmọ tó gbé àbúrò rẹ̀ dání. Ọ̀rẹ́ wa ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí bàbá rẹ̀ àgbà ja ogun yẹn, kò sọ̀rọ̀ títí ó fi lọ sílé.

Nítorí ohun tí ojú Nausicaä rí, ilé-iṣẹ́ Ghibli ti Miyazaki àti Takahata, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1985, kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan fíìmù wọn mọ́. Nígbà tí Harvey Weinstein ti Miramax, tó fẹ́ fi Princess Mononoke hàn ní Amẹ́ríkà, ní kí ó kúrú, Toshio Suzuki ti Ghibli fi idà Jàpáànì kan ta á lọ́rẹ, ìtumọ̀ ẹ̀bùn náà kò sì ṣókùnkùn: ẹ má gé e. Wọn ò gé e. Kò pa owó tó tó nǹkan ní sinimá Amẹ́ríkà ní 1999, ṣùgbọ́n odindi ló dé ọwọ́ wa. Nausicaä alára kò rí irú rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àfi ní 2005.

Eboshi inú Mononoke dà wá lọ́kàn rú. Ó ń gé igbó, ó ń yìnbọn lu òrìṣà, òun kan náà ló ra àwọn obìnrin kúrò nílé aṣẹ́wó tó fún wọn níṣẹ́, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀. Àwọn tí fíìmù wọn máa ń ju ẹni burúkú sínú ọ̀gbun lópin kò mọ ibi tí wọn yóò gbé ìkórìíra wọn kà. Ní tiwa, igbó tó ní olówó rẹ̀ kò jọ wá lójú púpọ̀, bàbá ẹnì kan ti sọ ti Igbó Irúnmọlẹ̀ inú ìwé Fágúnwà fún wa. Ṣùgbọ́n kí a má fi yangàn jù. Igbó erékùṣù Yakushima ni Miyazaki lọ wò, kì í ṣe ti Fágúnwà.

Spirited Away ló wá gba ìlú kan. Ó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Berlin ní 2002, ó gba Oscar ní 2003, Miyazaki kò sì lọ gbà á, nítorí ogun Iraq, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ lẹ́yìn náà. Àjẹ́ kan, Yubaba, gba orúkọ ọmọbìnrin kan, Chihiro, lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi Sen sílẹ̀ fún un. Bí ó bá gbàgbé èyí tó gùn, kò ní í rọ́nà ilé mọ́. Àjẹ́ inú àlọ́ ni lójú àwọn kan. Àwa mọ Yubaba. Òun ló ń pe orúkọ láàárọ̀ nílé ìwé, onínúure ènìyàn ni, ẹ̀rín ló fi sọ Olúwaṣeun di Sean, àwa náà sì bá a rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a sọ èyí fún ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ó ní òun kò tilẹ̀ ronú nípa orúkọ. Ohun tó ba òun lẹ́rù ni kí òbí ẹni di ẹlẹ́dẹ̀ lójú ẹni.

Àwọn tó ń kọ ọ́ pé ohun àjèjì inú kàtúùnù Jàpáànì ló fa àwọn òyìnbó mọ́ra kò wo fíìmù wọ̀nyí dáadáa. Ní 1974, Takahata àti Miyazaki ti ṣe Heidi lẹ́yìn tí wọ́n lọ sí Switzerland wò ó fúnra wọn, àwọn ọmọ Jámánì, Ítálì àti Spéènì sì wò ó dàgbà, ọ̀pọ̀ wọn láì mọ̀ pé Jàpáànì ló ti wá. Ìlú etí òkun tí Kiki, ọmọ àjẹ́ inú fíìmù Miyazaki mìíràn, ń fò káàkiri, Visby àti Stockholm ni wọ́n fi yà á. Inú ìwé Diana Wynne Jones, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni Miyazaki ti mú Howl's Moving Castle. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti Wales. Miyazaki dé ibẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìyanṣẹ́lódì àwọn awakùsà, àwọn tí olórí ìjọba pè ní ọ̀tá inú ilé, ṣì gbóná. Ó rí bí wọ́n ṣe dìde fún iṣẹ́ àti ìlú wọn, ó sì padà lọ fi irú ìlú wọn sínú fíìmù Laputa ní 1986, pẹ̀lú ojú irin létí òkè, pẹ̀lú awakùsà tó ń fi ẹ̀ṣẹ́ dáàbò bo ọmọ tí kò mọ̀ rí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tì kùsà wọn pa. Ọmọ Jàpáànì ló bu ọlá fún wọn nínú fíìmù ọmọdé.

Nísinsìnyí, àwa náà ti ní ọmọ. Ní 2022 wọ́n sọ Totoro di eré orí ìtàgé ní Barbican, ó gba ẹ̀bùn Olivier mẹ́fà, a sanwó gọbọi. The Boy and the Heron ti Miyazaki gba ipò kìíní ní sinimá Amẹ́ríkà ní oṣù Kejìlá 2023, ohùn Jàpáànì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ sì ni àwọn ọ̀dọ́ kan yàn láti wò ó. Èyí ni ìjà tó kù nílé wa. Àwọn ọmọ ní a ò tíì wo fíìmù náà rí nítorí pé ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni a fi gbọ́ ọ. Àwa ní kí wọ́n lọ sùn. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, èyí tó wù yín ni kí ẹ fi gbọ́ ọ, Totoro ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ má sì wo Grave of the Fireflies ní alẹ́ ọjọ́ tí ẹ óò jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì.