Bí Ẹ Bá Ń Lọ sí Lọ́ńdọ̀nù Fún Ìgbà Àkọ́kọ́

 

Láti ìgbà tí mo ti ti Lọ́ńdọ̀nù dé, wọn kò jẹ́ kí fóònù mi sinmi. "Bàbá, ọmọ mi bímọ sí Ìlú Ọba, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Kí ni kí n mú dání? Báwo ni wọ́n ṣe ń rìn níbẹ̀?" Ẹnu mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà. Èmi kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o, ìwé mi kò kọjá fọ́ọ̀mù fáìfù. Ṣùgbọ́n mo ti ṣìnà ní ìlú yẹn lọ́jọ́ tó yẹ kí n sọ ọmọ-ọmọ mi lórúkọ. Ẹni tó bá ti ṣìnà rí ló mọ ibi tí ọ̀nà ti yà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ẹrù. Àwa ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ ní ẹrù tí àwọn ẹlòmíràn kò ní. Ìrọ́kẹ́ tí wọ́n fi eyín erin gbẹ́, ẹ fi sílẹ̀ nílé, òfin líle ló wà lórí eyín erin. Ìkóóde náà, ẹ má dán an wò. Láti ọdún 2017 ni odídẹrẹ́ ti wà lára àwọn ẹyẹ tí wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn fi ṣòwò láti ìlú kan sí òmíràn, ìyẹ́ rẹ̀ sì wà nínú òfin náà. Ẹran ìgbẹ́, ẹran gbígbẹ, pọ̀mọ́ àti wàrà, wọn kì í jẹ́ kó wọlé. Ẹja gbígbẹ kò burú. Ọ̀pọ̀ ewé tútù, èso àti irúgbìn ló ń béèrè ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ ìjọba ilé. Nítorí náà n kò gbé obì àti orógbó dání. Ìrọ́kẹ́ onígi kan, aṣọ mi àti ìlẹ̀kẹ̀ ni mo mú lọ. Ní ti ikin, ti ọkọ ọmọ mi wà nílé wọn. Èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ nífá kí ó tó kúrò nílé.

Ẹ yẹ owó yín wò pẹ̀lú. Àwa àgbà fẹ́ràn láti máa tọ́jú pọ́n-ùn sísàlẹ̀ àpótí. Owó bébà £20 àti £50 àtijọ́ kò ṣeé ná lọ́jà mọ́ láti ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Èyí tó dà bí ọ̀rá ni wọ́n ń ná báyìí. Bank of England ṣì ń pààrọ̀ ti àtijọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ máa wá báǹkì kiri lọ́jọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé?

Bí ẹ bá dé Heathrow, aṣọ́bodè yóò bi yín ní ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa padà. Ẹ sọ òtítọ́, kí ẹ má sì sọ ju ohun tó bi yín lọ. Físà àbẹ̀wò kì í ṣe físà iṣẹ́ o. Ẹ kọ àdírẹ́sì àti nọ́ńbà fóònù ọmọ yín sórí bébà, kí ẹ fi sí àpò aṣọ yín. Fóònù lè kú, bébà kì í kú. Láti ibẹ̀, rélùwéè Piccadilly àti Elizabeth ń wọ ìgboro. Heathrow Express yá, ṣùgbọ́n ó wọ́n, Paddington ló sì máa já yín sí. Elizabeth ni àwa wọ̀, ó sì gbé wa dé Woolwich tí ọmọ mi ń gbé láìsọ̀kalẹ̀ lọ́nà.

Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ènìyàn nínú bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ti fòpin sí i láti ọdún 2014. Káàdì tí wọ́n ń pè ní Oyster, tàbí káàdì báǹkì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ni ẹ máa fi kan ẹ̀rọ. Nínú bọ́ọ̀sì, ẹ fi kàn án lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí ẹ bá ń wọlé. Ní ti rélùwéè, ẹ fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń wọlé, ẹ tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á yọ owó tó pọ̀ jù. Ní ọdún 2024 tí mo lọ, £1.75 ni owó bọ́ọ̀sì. Láàárín wákàtí kan, ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì míràn lórí owó kan náà. Lórí àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, ọ̀tún ni kí ẹ dúró sí, kí ẹni tó ń kánjú lè gba òsì kọjá.

Ó yá, ẹ gbọ́ tèmi.

Oṣù kọkànlá ni mo lọ. Ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n bí ọmọ pé, a sì fi ìsọmọlórúkọ sí aago 3 ọ̀sán, torí pé àwọn ènìyàn wa níbẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́. Ní àárọ̀, a rí i pé orógbó àti atare kò tíì sí nílé. Rye Lane ní Peckham, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa pọ̀ sí, ni wọ́n ti máa ń rà á. Ọkọ ọmọ mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n sìn yín lọ." Mo ní kò síyẹn. Mo ní bọ́ọ̀sì 177 kan ṣoṣo ni, àti pé mo ti dàgbà ju ẹni tí wọ́n ń fà lọ́wọ́ lọ. Aago 11 ni mo jáde.

Ẹ wò ó, ọmọ ọdún 14 ni mí nígbà tí Nàìjíríà kúrò ní òsì títì bọ́ sí ọ̀tún, ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Láti ìgbà náà ni ara mi ti mọ ọ̀tún. Ìlú Ọba kò kúrò ní òsì ní tiwọn. Mo mọ ọwọ́ ibi tí Peckham wà, mo wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì tí èmi yóò dúró sí bí ó bá jẹ́ ilé ni. 177 dé, mo wọlé, mo fi káàdì kàn án, mo jókòó bí ọba. Ohùn kan ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀ náà, ó ń dárúkọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti ibi tó ń lọ. Thamesmead ló ń pè. Mo gbọ́ ọ, n kò kà á sí. Ìgbà tí ọkọ̀ dúró pátápátá tí gbogbo ènìyàn sọ̀kalẹ̀ ni ojú mi là.

Bí mo bá béèrè níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kì bá tí burú. Ojú ń tì mí. Mo ń rìn kiri nínú òtútù fún bíi wákàtí kan, agbádá lọ́rùn, tí mo ń ṣe bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló rí fìlà mi tó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàsán sà. Bàbá, ṣé kò sí o? Níbo lẹ ń lọ?"

"Peckham ni, ọmọ mi."

"Háà, Bàbá! Ẹ ti kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Kò fi ọ̀rọ̀ júwe nìkan, ó mú mi dé ìdí bọ́ọ̀sì, ó bá mi pe ilé. N kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n ó wà nínú ìwúre mi.

Kí n tó dé Peckham, kí n rajà, kí n padà, ilẹ̀ ti ṣú. Ní oṣù yẹn, aago 4 ni oòrùn ń wọ̀. Ọmọ mi dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ojú pípọ́n, abiyamọ ọjọ́ mẹ́jọ nínú òtútù. Mẹ́ta nínú àwọn àlejò wa ti lọ síbi iṣẹ́ alẹ́. Kò sí ẹni tó bá mi wí. Ọkọ ọmọ mi kàn rọra sọ pé, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kí a máa béèrè kí a tó gbé ẹsẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí ju òtútù lọ, nítorí òótọ́ ni. Gbogbo ọjọ́ ayé mi ni mò ń bá àwọn ènìyàn da ọ̀pẹ̀lẹ̀ kí wọ́n má bàa ṣìnà. Èmi tí mò ń jókòó ti ìbéèrè wá kọ̀ láti béèrè ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ.

A sọ ọmọ lórúkọ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ifá fọ ire. Ṣùgbọ́n mo kẹ́kọ̀ọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará mi, ẹ béèrè. Àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù kì í kí ènìyàn nínú ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú, kì í ṣe ìwọ̀sí. Bí ẹ bá béèrè ọ̀nà, ọ̀pọ̀ wọn á dúró fi hàn yín. Bí ẹ bá fẹ́ sọdá títì, ẹ wo ọ̀tún kọ́kọ́. Lápá ibi púpọ̀, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ fún àlejò. Bí ewu bá dé, 999 ni kí ẹ pè.

Ẹ má pa ẹran nínú ilé, ẹ má sì gbé ẹbọ sí oríta tàbí etí odò Thames bí a ti ń ṣe nílé. Òfin ìdọ̀tí wọn le, ọmọ yín ni yóò sì rojọ́ lẹ́yìn yín. Ẹ bi Ifá ohun tí a lè fi rọ́pò rẹ̀.

Bí àyè bá wà, ẹ dé British Museum. Wọn kì í gba owó ìwọlé. Ọ̀kan nínú àwọn orí idẹ tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1938 wà níbẹ̀. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Mo ní, "Ẹ kú àjò o, Bàbá." Òun náà jìnnà sílé, kò sì sí ẹni tó lè béèrè ọ̀nà fún un.

Àjò kò dùn kí onílé má relé. Ẹ ó lọ ire, ẹ ó bọ̀ ire, ẹsẹ̀ yín kò ní ṣì. Àbọrú àbọyè àbọṣíṣẹ.