Ẹ̀rọ Ìgéko àti Àbá Tí Mo Dá

   

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Iléyá ọdún 2019, òjò ti mú kí koríko kún ọgbà wa. Mo fún ọmọ kéwú kan lówó kí ó ra pẹtiróòlù àti ọ́ìlì wá fún ẹ̀rọ ìgéko. Èmi fúnra mi ni mo pò wọ́n pọ̀. Nígbà tí a fa okùn, ẹ̀rọ náà jí, ó rú èéfín, ó sì kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a fà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo yíjú sí ọmọ náà níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, mo ní epo tí wọ́n bu omi sí ni ó rà, pé ó ti jẹ owó tó ṣẹ́ kù. Ó ní, "Ààfáà, wallāhi, mi ò jẹ owó yín." N kò gbọ́.

A gbé ẹ̀rọ náà gba àárín àwọn tírélà Liverpool Road lọ sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó kọ́kọ́ da epo náà sínú ìgò funfun, ó gbé e kalẹ̀. Ó ní bí omi bá wà nínú rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò lọ. Kò sí omi níbẹ̀. Ó gbé epo jìnnà, ó tú púlọ́ọ̀gì. Ó dúdú, ọ́ìlì sì rin ín gbindin. Ó nù ún, iná ṣì ń ta lára rẹ̀. Níkẹyìn, ó tú sálẹ́ńsà. Èérí dúdú ti dí ẹnu rẹ̀ pa.

Ó bi mí pé, "Ààfáà, báwo lẹ ṣe ń pò ó?"

Mo ní mo máa ń fi ọ́ìlì kún un dáadáa kí ẹ̀rọ lè pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ẹ̀rọ yìí, bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", kò ní ibi tí ọ́ìlì ń dá gbé. Inú pẹtiróòlù ni ó ń bá dé ara písítìnì, níbẹ̀ náà ni ó sì ń jó. Bí ó bá kéré jù, písítìnì yóò gan. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò ba púlọ́ọ̀gì jẹ́, yóò dí sálẹ́ńsà. Ohun tí ìwé ẹ̀rọ tiwa sọ ni ìdá kan sí àádọ́ta: lítà 5 pẹtiróòlù, mìlílítà 100 ọ́ìlì. Ìlọ́po mẹ́ta ni èmi ń dà sí i.

Ojú tì mí. Ọlọ́hun kìlọ̀ àbá dídá fún wa nínú Sūratul-Hujurāt, āyà 12, èmi náà sì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní āyà yìí. Ibi tí mo ti bú ọmọ náà ni mo ti bẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kejì, níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ó ti tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá rán an níṣẹ́, kíkà ni ó máa ń ka ṣéńjì lé mi lọ́wọ́ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ̀rọ bá kọ̀, ẹ yẹ epo wò, ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì wò, ẹ yẹ sálẹ́ńsà wò, kí ẹ sì yẹ ọwọ́ ara yín wò kí ẹ tó na ìka sí ọmọ ọlọ́mọ. Kí Ọlọ́hun bá wa ṣọ́ ahọ́n wa. Àmín.