Ta ló gbẹ́ ọ̀pá yìí?

Bí mo bá sọ fún àwọn ará ilé pé ọ̀pá púùlù ni mò ń kó jọ, tẹ́tẹ́ púùlù ayé ijọ́sí ni ọkàn wọn máa ń lọ sí. Kì í ṣe tẹ́tẹ́ o. Ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù lórí tábìlì ni mò ń wí, eré tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń pè ní sínúkà ní ilé ọtí. Brooklyn, ní New York, ni mò ń gbé. Níbẹ̀ náà ni George Balabushka, ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, ti ṣiṣẹ́ títí tí ọlọ́jọ́ fi dé ní 1975.

Ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni wọ́n ti bí i ní 1912; ó dé Amẹ́ríkà ní 1924. Iṣẹ́ igi ló ń ṣe. Ní 1959 ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún ọ̀pá àwọn eléré ṣe, tó sì ń fi èyí tó ṣe fúnra rẹ̀ ta àwọn ọ̀rẹ́ lọ́rẹ nígbà Kérésìmesì. Àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ fojú bù ú pé gbogbo èyí tó ṣe kò ju ẹgbẹ̀rún kan ó lé díẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kan ṣoṣo fi lè tó owó mọ́tò lónìí.

Ibi tí owó bá sì wà, ayédèrú kì í jìnnà síbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọ̀pá ọkùnrin yìí ni orúkọ rẹ̀ wà lára. Èyí tó tún mú ọ̀rọ̀ náà lọ́jú pọ̀ ni pé ọ̀pá Titlist ti ilé iṣẹ́ Brunswick, tó kún inú ilé eré nígbà náà, ló fi ń ṣe àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá ló ń gba igi lọ́wọ́ Burton Spain àti Gus Szamboti. Ẹni tó bá rí ògbólógbòó Titlist rà lónìí ti ní igi kan náà lọ́wọ́. Ó ku kó purọ́. Sinimá The Color of Money (1986) ló wá sọ ọ̀ràn náà di ńlá, nítorí ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù gbá pàápàá ti gbọ́ orúkọ Balabushka níbẹ̀. Ẹ̀rín a máa pa mí: ọ̀pá tí Tom Cruise ń fì bí idà nínú eré náà kì í ṣe ti Balabushka rárá. Joss ló ṣe é. Wọ́n kàn ṣe é kó jọ ọ́ ni.

Èmi kì í kọ́kọ́ wo ẹwà. Mo máa ń tú ọ̀pá sí méjì ní oríkèé, kí n wo irin tó so ó pọ̀. Mo máa ń fi awò wo igun ohun ọ̀ṣọ́ tí wọ́n tẹ̀ sínú igi. Ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí kọ̀ǹpútà ń darí máa ń yí róbótó ni, kò lè gé igun inú kó mú ṣóńṣó, àfi tí èèyàn bá fọwọ́ parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń béèrè ọwọ́ tó ti gbà kọjá: ta ló rà á, lọ́wọ́ ta, lọ́dún wo?

Lọ́dún 2012, ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ìjẹ̀bú tó ń wa takisí níhìn-ín, kú. Ó fi ọ̀pá kan sílẹ̀ tí wọ́n tà fún un bíi ti Balabushka. Oníbàárà kan fẹ́ san owó ńlá, ṣùgbọ́n ó ní àfi kí n kọ̀wé fọwọ́ sí i. Owó ilé ìwé ọmọ ni opó náà ti ṣírò sí i.

“Bọ̀dá, ẹ ṣáà bá wa fọwọ́ sí i. Ẹni tó fẹ́ rà á lówó jù wá lọ.”

Ìwé tó bá ọ̀pá náà wá sọ pé ọwọ́ Balabushka gan-an ni wọ́n ti rà á ní 1977. Òkú kì í tajà. Ṣùgbọ́n ìwé lè purọ́ kí ọ̀pá jẹ́ òótọ́, ni mo bá gbé awò. Gbogbo igun ọ̀ṣọ́ rẹ̀ ló yí róbótó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kò tíì wọ iṣẹ́ yìí nígbà ayé ọkùnrin náà.

“Ìyá Kúnlé,” mo ní, “ọwọ́ mi ò ní lè kọ ọ́.”

Kò dá mi lóhùn. Ó nu ọ̀pá náà, ó dá a padà sínú àpò rẹ̀. Odidi oṣù mẹ́ta ni kò fi dáhùn ìpè mi, n kò sì dá a lẹ́bi.

Kúnlé ló ń fi ọ̀pá náà gbá bọ́ọ̀lù báyìí. Ó ní ó tọ́ gbọnrangandan, ìró rẹ̀ sì dùn bó bá kan bọ́ọ̀lù. Mo ti gbá a wò, òótọ́ ló sọ. Ẹni tó gbẹ́ ẹ mọṣẹ́. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni a kò mọ̀.