Ṣé Kí N Pààrọ̀ Bọ́ọ̀dù?

Fídíò òde ni iṣẹ́ mi: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọjáde. Core i5-7500 ló wà nínú kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gé wọn, prósẹ́sọ̀ tí Intel gbé jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2017. Ó ti bọ́ mi, mi ò ní pẹ̀gàn rẹ̀. Àmọ́ láti ìgbà tí àwọn tó ń bá mi ya fídíò ti ra kámẹ́rà tuntun, bí mo bá tẹ fídíò kan kó máa lọ, á dúró, á fò, á tún dúró. Oníbàárà ò mọ̀yẹn. "Bọ̀dá, fídíò wa ńkọ́?" ni tiwọn.

Gbogbo ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ lọ̀ ló ní kí n pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù àti prósẹ́sọ̀. Ó rọrùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí a bá fa gbùùrù, gbùùrù á fa igbó. Ìran kẹjọ tí Intel ṣe ní ìparí 2017 bá ihò bọ́ọ̀dù mi mu lójú, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ (mi ò tíì dárí ìyẹn jì wọ́n). Bí mo bá mú ìran kejìlá, bọ́ọ̀dù á yí padà, fáànù orí prósẹ́sọ̀ á yí padà, Windows tó bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé iṣẹ́ náà ò ní gbà, torí bọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ni wọ́n so ó mọ́. Bí mo bá sì yà sọ́dọ̀ AMD, bọ́ọ̀dù AM5 tó jáde ní 2022 kì í gba RAM mìíràn àfi DDR5. DDR4 tí mo fowó mi rà á wá di ohun àkójọ.

Ọ̀pọ̀ tó ń ráhùn pé kọ̀ǹpútà ń falẹ̀, háàdì díìsìkì ni wàhálà wọn. Kí wọ́n fi SSD sí i, ó parí. Tèmi ti ní SSD. Mo ṣí Task Manager nígbà tí fídíò ń lọ: díìsìkì jókòó lásán, prósẹ́sọ̀ wà ní 100%. Àwọn kámẹ́rà tuntun ń ya HEVC 10-bit 4:2:2, 4:2:0 nìkan sì ni ẹ̀yà tó ń ka fídíò nínú 7500 mọ̀. Gbogbo ẹrù bá wá sórí kọ́ọ̀ mẹ́rin péré. Láti ìran kọkànlá ni prósẹ́sọ̀ Intel fún kọ̀ǹpútà orí tábìlì ti ń ka 4:2:2 fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà ọ̀fẹ́ kan wà: kí n ṣe ẹ̀dà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní proxy, kí n gé ìyẹn, kí n wá dá ojúlówó padà níkẹyìn. Bó bá jẹ́ pé òde mi ò pọ̀ ni, ibẹ̀ ni mi ò bá dúró sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà ń jẹ àkókò, jẹnẹrétọ̀ sì ń jẹ epo ní gbogbo àkókò náà. Yàtọ̀ síyẹn, Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹwàá, ọdún 2025, 7500 ò sì sí lára àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11.

Mo ti pinnu: i5-12400, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù B660 tó ń gba DDR4, kí RAM mi má baà ṣòfò. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jọ tèmi, tí ẹ bá dé ọjà, ẹ yẹ ẹ̀yìn nọ́ńbà rẹ̀ wò dáadáa. Bí ẹ bá rí F níbẹ̀, ẹ dá a padà fún wọn: 12400F ò ní ẹ̀yà fídíò nínú rárá.