Bàbá Akọ̀wé, Ẹni Tí Ó Pa Orúkọ Ìlú Mọ́

Ìdílé ọba márùn-ún ni ó ń jẹ Alákétu ní àyípoyípo. Bí ọba tuntun bá fẹ́ gorí ìtẹ́, Bàbá Ẹlẹ́gùn ni ó ń ka orúkọ àwọn tí ó ti jẹ ṣáájú rẹ̀. Kò gbọdọ̀ fo ọ̀kan nítorí pé ọba náà kì í ṣe ti ìdílé tí òun fẹ́ràn. Irú ìṣọ́ra bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí orúkọ àwọn ọba bá ilé jóná nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì pa ìlú run ní ọdún 1886, tí wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Nígbà tí Kétu tún dìde ní ọdún 1894, wọ́n ṣì mọ ọba tí ó jẹ tẹ̀lé ọba.

Ṣùgbọ́n ta ni ó ń pa orúkọ mẹ̀kúnnù mọ́? Ta ni ó ń rántí ọjọ́ tí a bí ọmọ alágbẹ̀dẹ àti ọmọ àgbẹ̀? Láyé òde òní, ìwé ìbí ni. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Akọ̀wé ni ó di ìwé yìí mú fún ọdún tí ó lé ní 30. Ó ti lọ sí ibi tí àgbà ń rè báyìí, ìwà rẹ̀ sì yẹ ní ìrántí.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ariwo. Bàbá ọmọ á dé, á jókòó. Bàbá Akọ̀wé á béèrè orúkọ ọmọ, á ní kí ó tún un pè, á sì béèrè bí wọ́n ṣe bí i. Bí ó bá jẹ́ Ìgè, ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yọ. Bí ó bá jẹ́ Òjó tàbí Àìná, ìwọ́ ni ó kọ́ ọ lọ́rùn. Ọ̀nà ìkọ̀wé Faransé kò gba ohùn Yorùbá dáadáa: Òjó á di Odjo, Adéṣínà á di Adéchina. Kò lágbára láti yí ìyẹn padà, ṣùgbọ́n ó máa ń pe orúkọ náà síta bí ó ti yẹ kí ó tó kọ ọ́, kí bàbá ọmọ lè mọ̀ pé ó gbọ́ ọ yé.

Ó mọ ohun tí ìwé náà wà fún. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí kò lè jókòó ṣe ìdánwò ìparí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà sì wà tí ìwé wọn kò ní ju «né vers» lọ, pé a bí wọn ní nǹkan bí ọdún báyìí, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Nítorí náà ni ó fi máa ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí abúlé oko, tí ó ń rán àwọn ìyálọ́mọ létí.

Ìyàwó rẹ̀ ń ta gàrí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń di àpò gàrí sórí kẹ̀kẹ́, tí ó ń tì í dé ìsọ̀ kí ó tó lọ sí ibi iṣẹ́. Àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Èsì rẹ̀ ni pé: «Ẹni tí kò tijú láti jẹ ẹ́, kí ló dé tí yóò fi tijú láti gbé e?» Ọmọ méje ni wọ́n bí. Láràárọ̀ ni ó ń fi oríkì jí wọn. Lálẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtùpà, á yẹ ìwé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ọdún 1989, nígbà tí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba kò jáde déédéé, kí Àpérò Orílẹ̀-èdè tó wáyé ní Kùtọnu ní oṣù Èrèlé 1990, gàrí ìyàwó rẹ̀ ni ó bọ́ ilé. Síbẹ̀ kò pa iṣẹ́ jẹ, kò sì gba owó ẹ̀yìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Inú ilé ni ìdánwò tí ó tóbi jù ti wá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí ó bá òun yọ ọdún méjì kúrò nínú ọjọ́ orí ọmọ òun, kí ọmọ náà lè wọ iṣẹ́ ológun. Ẹ̀gbọ́n yìí ni ó rán an ní ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí bàbá wọn kú. Bàbá Akọ̀wé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní: «Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè owó mi, ẹ béèrè oko mi. Ìwé yẹn kì í ṣe tèmi.» Ẹ̀gbọ́n bínú jáde, kò sì tẹ ilé náà mọ́ fún ọdún mẹ́fà. Gbogbo ẹbí dá Bàbá Akọ̀wé lẹ́bi. Ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí iṣu tuntun bá jáde, ti ẹ̀gbọ́n ni ó kọ́kọ́ ń fi ránṣẹ́. Ó mú ọmọ náà lọ kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Pọ́bẹ̀, ó sì san owó ọ̀gá títí ó fi gba òmìnira.

Ní ọdún keje, ọkọ ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n náà kú. Àwọn ará ilé ọkọ ń fẹ́ ilẹ̀; wọ́n ní ọmọ méjì tí opó náà bí kì í ṣe ti olóògbé. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú àwọn àgbà, wọ́n sì mú ìwé ìbí wá. Orúkọ bàbá wà níbẹ̀. Ẹnìkan pariwo pé àbúrò bàbá opó ni akọ̀wé tí ó kọ ọ́. Nígbà náà ni àgbà kan nínú ilé ọkọ gan-an dìde, ó ní: «Ẹni tí kò gbà láti yọ ọdún méjì fún ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣé òun ni yóò wá kọ bàbá èké fún ọmọ méjì?» Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ náà gba ìpín wọn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀gbọ́n wá kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ àná; ó béèrè bóyá oúnjẹ ṣẹ́kù. Ìyàwó Bàbá Akọ̀wé ro ọkà mìíràn.

Láti ọdún 2017 tí ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ ìkànìyàn RAVIP, inú kọ̀ǹpútà ni orúkọ àwọn ará ìlú ń lọ. Ẹ̀rọ kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Ẹni tí ó ń tẹ orúkọ sínú rẹ̀ ni ó ní wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá jókòó sí àga Bàbá Akọ̀wé lónìí, kí ó rántí pé òdodo tí ó dun ẹbí lónìí lè di odi tí ẹbí yóò sá sí lọ́la.

Ọ̀run rere o, Bàbá Akọ̀wé. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lájùlé ọ̀run ni kí ẹ máa bá wọn jẹ.