Èèwọ̀ Mi Ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbi ìpàdé ewì wa lálẹ́ ọjọ́ tí mo gbàgbé ewì ara mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ ní bí mo ṣe dákẹ́ tí mo sì di òpó máíkì mú yẹn, ara ewì ni. Kì í ṣe ara ewì. Ọtí ni. Ọ̀rá mẹ́ta ni mo ti fà mu kí n tó dé gbọ̀ngàn.

Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀ nígbà yẹn. Ọ̀pá ẹ̀yìn la fi bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá oníparaga. A ní jẹ̀dí là ń wò. Nígbà tó yá, jẹ̀dí lọ, ọtí ò lọ. Mo wá fọkàn sí i pé bí mi ò bá mu, ewì ò ní í wá. Nígbà tá a ń ka Lánkẹ́ Ọ̀mùtí, eré tí Kọ́lá Ògúnmọ́lá fa yọ látinú ìwé tí Amos Tutùọlá gbé jáde lọ́dún 1952, gbogbo kíláàsì ló fi ọkùnrin tó wá adẹ́mu rẹ̀ dé ìlú òkú rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rá kan wà lápò mi.

Ìgbà tí ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárọ̀, tí bírò ò dúró lọ́wọ́ mi mọ́, ni mo lọ rí dókítà. Kò bú mi. Ó béèrè iye tí mò ń mu, mo dín in kù. Ó wò mí, ó tún bi mí. Ó ní kí n má kàn dá a dúró lójijì fúnra mi o, torí ara tó ti mọ́ ọtí púpọ̀ lójoojúmọ́, gìrì lè gbé e ṣánlẹ̀; òun á máa tọ́jú mi bí mo bá ṣe ń jáwọ́. Ó wá kọ àdírẹ́sì kan sórí bébà: ìpàdé AA, ìyẹn Alcoholics Anonymous. Bébà yẹn sùn sínú ìwé gírámà mi fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo wọ dánfó ní Yábàá, ó di apá Ìkẹjà. Mo rí ilé náà, mo kọjá lára ẹ̀. Mo padà, mo tún kọjá. Tí ẹni tó mọ ìyá mi bá wà ńbẹ̀ ńkọ́? Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá àgbà kan tó ń gbé fíláàsì tíì wọlé bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ọmọ mi, ibí náà ni. Bá mi gbé àwọn kọ́ọ̀pù yìí." Bí mo ṣe wọlé nìyẹn, bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́.

Àwa méje la wà lórí àga oníke. Wọn ò bi mí lórúkọ bàbá mi, wọn ò gba kọ́bọ̀ owó ìforúkọsílẹ̀. Tó o bá ṣáà ti fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, o ti di ọmọ ẹgbẹ́. Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀mùtí méjì ló dá a sílẹ̀ nílùú Akron ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935, Bill Wilson tó ń ṣòwò ṣíà àti Bob Smith tó jẹ́ dókítà oníṣẹ́ abẹ. Wọ́n rí i pé bí ọ̀mùtí bá ń bá ọ̀mùtí sọ̀rọ̀, ọjọ́ náà lè kọjá láìmu. Òní nìkan ni wọ́n sì ń ṣírò.

Bàbá kan dìde, ó dárúkọ, ó ní, "Ọ̀mùtí ni mí." Ó sì ti lé lọ́dún mẹ́wàá tó ti fẹnu kan ọtí kẹ́yìn! Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó: èdè wa ní ọ̀mùtí, ó ní ọ̀mùtípara, kí là ń pe ẹni tó ti jáwọ́? Mo tú ìwé atúmọ̀ èdè, mi ò rí i. Nígbà tó kàn mí, mo dárúkọ mi, omi bọ́ lójú mi, mo jókòó. Wọ́n ní, "O káre." Ìyá oní-tíì bu ṣúgà ṣíbí mẹ́ta sí tèmi.

Lẹ́yìn ìgbà yẹn, níbi ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ mi kan, wọ́n gbé kọ́ọ̀pù sí mi lọ́wọ́. Mo ní mi ò mu. Wọ́n ní ṣé mo ti di pásítọ̀ ni. Ọbàtálá ló sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n ní ọjọ́ tí Olódùmarè rán an níṣẹ́ ayé dídá ló mu ẹmu yó, oorun gbé e lọ, Odùduwà gba iṣẹ́ náà ṣe. Látìgbà náà lẹmu ti dèèwọ̀ fún un àti fáwọn olùsìn rẹ̀. Òrìṣà ńlá mà ni, kò fi bò. Gbogbo ayé ló mọ èèwọ̀ rẹ̀. Mo gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀, mo ní, "Èèwọ̀ mi ni." Ẹnikẹ́ni ò tún bi mí mọ́.

Kò tíì pé oṣù márùn-ún. Mo ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan láàárín ẹ̀. Mo padà lọ sọ fún wọn. Ìyá oní-tíì ní kí n gbé kọ́ọ̀pù. Ewì náà ṣì ń wá, ó kàn ń fà díẹ̀ ni, àmọ́ mo máa ń rántí ẹ̀ tí mo bá dìde.

Ẹ ó rí i pé kò sórúkọ lábẹ́ àròkọ yìí. Bá a ṣe ń ṣe níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn kúkú mọ̀ mí. Tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú yín bá ń gbọ̀n láàárọ̀, kó wá mi wá. Sátidé ni. A ó jọ wọ dánfó, màá sì bá a kọjá ilé náà lẹ́ẹ̀mejì tó bá fẹ́.